Kí ló dé tí èèyàn ń ṣe fóònù, tí ìnàkí ṣì ń fi òkúta pa ekùrọ́?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ẹ lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá jókòó sí ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù nírọ̀lẹ́, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti tán, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú náà sì ti sú wọn, ẹnìkan á ṣáà gbé e dìde pé tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni àwa àti ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, jọ tan, kí ló dé tó jẹ́ àwa nìkan là ń ṣe mọ́tò, tí à ń ṣe fóònù, tí à ń fò lókè, tí ìnàkí sì wà nínú igbó níbi tó ti ń ká èso jẹ? Ẹlòmíì á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹlòmíì á ní ọpọlọ wa ló tóbi ju tiwọn lọ, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ti Ọlọ́run o, ìgbàgbọ́ tèmi náà wà níbẹ̀ digbí, àmọ́ ọ̀nà tí nǹkan gbà ṣẹlẹ̀ ṣeé wádìí, àwọn tó sì ń wádìí ẹ̀ ti rí nǹkan tó pọ̀ láti bíi ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ọpọlọ ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ló gbé wa dé bí a ṣe wà yìí, bó ti wù kí onítọ̀hún gbọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìgbọ́ kan kúrò ńlẹ̀. Kò sí onímọ̀ kankan tó ní ìnàkí tó wà nínú igbó lónìí ló bí wa. Ẹ wò ó bí ẹbí kan tó ṣẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá àgbà kan náà ló ni gbogbo wọn, apá kan dúró sórí ilẹ̀ oko, apá kejì kó lọ Èkó, nígbà tó bá fi máa di ìran kẹẹ̀ẹ́dógún ọmọ Èkó ò mọ oko mọ́, ọmọ oko náà ò mọ Èkó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní ọmọ oko ló bí ọmọ Èkó. Ìyá àgbà tí àwa àti ìnàkí jọ ní gbé ayé ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 6 sí 7 sẹ́yìn. Àtìgbà náà ni àwọn náà ti ń yí padà lọ́nà tiwọn, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n á ṣe máa rí oúnjẹ nínú igbó, bí wọ́n á ṣe máa gun igi, nítorí náà ẹni tó bá ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa dé ibi tí a wà, kò tiẹ̀ sí ibì kankan tí wọ́n ń lọ.

Wọn ò sì jìnnà sí wa o. Igbó Omo tó wà lápá Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú níbí, èyí tí UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé wọn láti 1977, ibẹ̀ ni erin ṣì wà, ibẹ̀ náà ni ìnàkí wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn ti dín kù débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ojú ọ̀nà J4 tó wà ní agbègbè igbó yẹn kọjá ò mọ̀ pé wọ́n ń bẹ níbẹ̀ rárá.

Òmùgọ̀ kọ́ sì ni wọ́n. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Bossou ní orílẹ̀-èdè Guinea, ìnàkí máa ń pa ekùrọ́, ekùrọ́ ọ̀pẹ kan náà tí àwọn ìyá wa ń pa láti fi ṣe àdín. Á wá òkúta pẹrẹsẹ kan, á gbé ekùrọ́ lé e lórí, á mú òkúta kejì tó ṣe é dì mú, á lù ú, kò ní lù ú jù kó má baà rún mọ́ èèpo, kò sì ní lù ú jẹ́jẹ́ jù, bó bá ti là á tán á fọwọ́ ṣa ọmọ inú ẹ̀ jẹ. Tí òkúta ìsàlẹ̀ bá ń mì, àwọn kan nínú wọn á lọ wá òkúta kékeré kẹta, wọ́n á fi há a lábẹ́ kó lè dúró. Ẹni tó bá ti jókòó pa ekùrọ́ rí á mọ̀ pé iṣẹ́ tó gba ọpọlọ nìyẹn. Ọmọ wọn á jókòó ti ìyá ẹ̀, á máa wò ó, á máa yọ díẹ̀ jẹ nínú ti ìyá ẹ̀, á máa fi òkúta gbá òkúta lásán, á máa gbé ekùrọ́ síbi tí kò yẹ, kì í sábà mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó pé bíi ọmọ ọdún 3 sí 5, èyí tí kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n títí tó fi pé ọdún 7, ó ṣòro kó tó tún mọ̀ ọ́n mọ́ láyé ẹ̀.

Lọ́dún 1960 ni Jane Goodall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń wádìí ìgbésí ayé ìnàkí, rí ìnàkí kan ní Gombe, lórílẹ̀-èdè Tanzania, tó já ẹ̀ka igi, tó bọ ewé ara ẹ̀ kúrò, tó sì ń tì í bọ inú ilé ikán kó lè fà wọ́n jáde jẹ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé èèyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Ní Côte d'Ivoire sì rèé, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Sassandra, àwọn ìnàkí tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn odò náà ń fi òkúta fọ́ èso líle jẹ, àwọn tó wà ní apá kejì kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ igi kan náà ló wà níbẹ̀, òkúta ń bẹ, èso ń bẹ. Ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa ni pé wọn ò bí i mọ́ wọn, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ lára ara wọn, ìyẹn ni pé àwọn náà ní àṣà ìbílẹ̀ tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti yí nìyí. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire yẹn kan náà, àwọn awalẹ̀pìtàn wú àwọn òkúta kan jáde tí ìnàkí ayé àtijọ́ fi fọ́ èso, wọ́n sì gbé àbọ̀ ẹ̀ jáde lọ́dún 2007, ọjọ́ orí àwọn òkúta náà jẹ́ nǹkan bíi ọdún 4,300. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fi wọ́n ṣe nígbà náà ni wọ́n ń fi òkúta ṣe nínú igbó náà lónìí. Ẹ wá wo tiwa láàárín àkókò kan náà. Ní ọdún 4,300 sẹ́yìn, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n kọ́ píramíìdì ńláńlá Íjíbítì, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin níbi tí Nàìjíríà wà yìí, nítorí ìléru tí àwọn ará Nok, ìran ayé àtijọ́ kan láàárín gbùngbùn Nàìjíríà, ti ń yọ irin ní Taruga kò ju bíi ọdún 2,500 lọ. Láti ìgbà náà dé ìsinsìnyí, a ti ṣe irin, a ti ṣe dígí, a ti ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹnjìnnì, iná mànàmáná, a ti lọ sínú òṣùpá a ti bọ̀, ìnàkí Taï ṣì wà lórí òkúta méjì. Tí ẹ bá máa bèèrè ìbéèrè kankan nípa èèyàn àti ìnàkí, òun ló yẹ kẹ́ ẹ bèèrè: kí ló jẹ́ kí tiwa máa lé sí i, tí tiwọn fi dúró sójú kan?

Ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọn ò sì parọ́ pátápátá. Ọpọlọ ìnàkí wọn bíi gíráàmù 400, tiwa lé ní 1,300, ìlọ́po mẹ́ta rèé. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Àwọn egungun èèyàn bíi tiwa tí wọ́n wú ní Jebel Irhoud ní Mòrókò ti tó ọdún 300,000. Nínú gbogbo ọdún yẹn, iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tíì ju bíi ọdún 12,000 lọ, ìwé kíkọ kò ju bíi 5,000 lọ, ó bẹ̀rẹ̀ lápá ibi tí Ìráàkì wà lónìí. Ẹni tí wọ́n wú egungun ẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, lọ́dún 1965, tó ti wà nínú ilẹ̀ láti bíi ọdún 13,000, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé ni irinṣẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ńlá nìkan ló ń ṣe fóònù, kí wá ni ọpọlọ ńlá yẹn ń ṣe láti ọdún 300,000?

Ẹ tún wò ó láti apá ibòmíì. Ẹ mú èmi tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú ẹnikẹ́ni nínú wa, onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí dókítà, ẹ bọ́ aṣọ lára ẹ̀, ẹ gba gbogbo nǹkan ọwọ́ ẹ̀, ẹ fi í sínú igbó Omo lóun nìkan, ẹ ní kó ṣe fóònù wá. Kò lè ṣe abẹ́rẹ́. Kò mọ òkúta tí irin wà nínú ẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun èédú tó gbóná tó láti yọ́ ọ, bó bá jẹ́ pé ó tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dá iná láìsí ìṣáná. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo láyé yìí tó mọ fóònù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìmọ̀ inú ẹ̀ pín sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú tipẹ́.

Lọ́dún 2007, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Esther Herrmann àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe ìdánwò kan tó mú ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Wọ́n kó ọmọ èèyàn tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ jọ, wọ́n kó ìnàkí jọ, wọ́n kó oráńgútàn, ìbátan ìnàkí tó wà ní ilẹ̀ Éṣíà, náà jọ, wọ́n fún gbogbo wọn ní irú ìdánwò kan náà. Tó bá ti jẹ́ ti kí wọ́n wá oúnjẹ tí wọ́n fi pa mọ́, kí wọ́n mọ èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n fi igi fa nǹkan, ọmọ èèyàn àti ìnàkí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àfi nígbà tó kan ká wo ohun tí ẹlòmíì ṣe ká sì ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ká mọ ohun tí ẹlòmíì ń fọwọ́ tọ́ka sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ rèé o, tí kò tíì mọ bàtà ẹ̀ wọ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e yìí ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn jiyàn. Ìdánwò míì ni, àwọn onímọ̀ méjì, Victoria Horner àti Andrew Whiten, ló ṣe é, wọ́n gbé e jáde ní 2005. Wọ́n kan bọ́kìsì kan, wọ́n fi oúnjẹ sínú ẹ̀. Ẹni tó ń fi han àwọn ìnàkí á kọ́kọ́ ti igi bọ ihò kan lókè bọ́kìsì yẹn, á gún un, lẹ́yìn náà ló máa wá ṣí ilẹ̀kùn kékeré iwájú, á sì yọ oúnjẹ. Nígbà tí bọ́kìsì náà dúdú tí wọn ò rí inú ẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí ni ìnàkí ṣe, wọ́n gún òkè, wọ́n ṣí iwájú. Ìgbà tí wọ́n wá gbé bọ́kìsì tó mọ́ gaara bíi dígí wá, ojú ti wá rí i kedere pé ihò òkè yẹn ò débi tí oúnjẹ wà, asán ni gbogbo gígún yẹn. Ìnàkí fi òkè sílẹ̀, ó kọjá síwájú tààrà, ó yọ oúnjẹ ẹ̀. Àwọn ọmọ èèyàn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ńkọ́? Wọ́n rí i kedere pé asán ni, síbẹ̀ wọ́n gún òkè kí wọ́n tó ṣí iwájú, bí àgbàlagbà yẹn ṣe ṣe é ni wọ́n ṣe é.

Ta ló gbọ́n jù níbẹ̀? Lójú ẹsẹ̀ ẹ ó ní ìnàkí ni. Èmi náà gbà, lójọ́ yẹn ìnàkí ló gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé, ká gbé e wá sídìí gàrí.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa látilẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e dé etí òkun Áfíríkà. Inú ẹ̀ sì ní èròjà tó ń di májèlé, sàyánáìdì, pàápàá àwọn tó korò. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí Ìjẹ̀bú: wọ́n á bẹ èèpo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á dì í lẹ́nu, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn kíkan ẹ̀ á ti gba gbogbo àdúgbò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi ẹ̀ ro tán, wọ́n á jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀, wọ́n á wá yan án nínú agbada tó gbóná, ọwọ́ ò ní dúró, ojú á máa ta wọ́n nínú èéfín, títí á fi gbẹ táútáú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò yẹn ni pé bí wọ́n ṣe lọ ẹ̀gẹ́ yẹn, èròjà tó gbé májèlé dání á pàdé èròjà míì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ náà fúnra ẹ̀, èyí á já májèlé yẹn sílẹ̀, apá kan á bá omi lọ, apá kan á di atẹ́gùn, iná agbada á sì lé èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù lọ. Ẹ wá bi ìyá tó ń yan án pé màmá, kí ló dé tí ẹ fi ń fi í sílẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́rin? Á ní kó lè kan ni, kó lè dùn ún mu, bí ìyá tó bí òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Kò ní dárúkọ sàyánáìdì, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n kí gàrí ẹ̀ tó dáa.

Ẹ fojú inú wò ó ká ní ìnàkí tó rí inú bọ́kìsì yẹn ló ń yan gàrí. Á ní ṣebí a kàn fẹ́ jẹun ni, kí ni ti ọjọ́ mẹ́rin, á fo ibẹ̀, á jẹ ẹ́, kò sì ní rí nǹkan kan lójọ́ yẹn, nítorí pé májèlé yẹn lè máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Congo àti Mozambique, nígbà tí ogun tàbí ọ̀dá bá ká àwọn èèyàn mọ́, tí wọ́n sì ń kánjú jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó rẹ tó, àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní konzo á bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, àwọn ọmọdé àti obìnrin ló ń mú jù, ẹsẹ̀ méjèèjì á gan, wọn ò sì ní rìn dáadáa mọ́ títí ayé. Ọmọ tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí i, tí kò fo ìkankan, tí kò mọ ìdí ẹ̀ pàápàá, òun ló ń jẹ gàrí tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìwà tó dà bí òmùgọ̀ nídìí bọ́kìsì yẹn, òun gan-an ló ń gba èèyàn là nídìí ẹ̀gẹ́, àti nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan míì tí ojú ẹnìkan ò lè rí ìdí ẹ̀ tán.

Michael Tomasello, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ ní Leipzig ní Jámánì, ló tẹnu mọ́ ohun tó jáde látinú èyí jù. Ó ní láàárín èèyàn, ohun tí ìran kan bá ṣe kì í bọ́ sílẹ̀, ìran tó ń bọ̀ á gbà á bó ṣe wà, ẹnìkan níbẹ̀ á wá fi kékeré kan kún un, èyí tó kún un yẹn náà ò ní bọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan rí i pé kíkan dáa, ẹlòmíì rí i pé àpò dáa ju agbọ̀n lọ, nígbà tó yá ẹlòmíì fi ẹnjìnnì sí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ rin ín. Láàárín ìnàkí, ohun tí ọ̀kan bá mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ohun tí ọ̀kan lè rí fúnra ẹ̀ tó bá pẹ́ nídìí ẹ̀ lọ, torí náà kò sí nǹkan tó ń ga sókè. Bí ọlọ́gbọ́n kan bá sì jáde láàárín wọn, tó rí ọ̀nà tuntun kan, ó ṣeé ṣe kí ọgbọ́n yẹn bá a lọ lọ́jọ́ tó bá kú.

Kíkọ́ni pẹ̀lú ẹnu tún wá gbé e lọ sókè sí i. Ìyá ìnàkí á jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ wò ó, á jẹ́ kó mú ekùrọ́ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n kó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, kó ní rárá, báyìí kọ́, yí i síbí, ìyẹn ṣọ̀wọ́n láàárín wọn gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá, wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún 1931, tọkọtìyàwó kan tó ń jẹ́ Kellogg ní Amẹ́ríkà mú ọmọ ìnàkí kan tó ń jẹ́ Gua wálé, wọ́n tọ́ ọ pọ̀ mọ́ Donald ọmọ tiwọn, aṣọ kan náà, ṣíbí kan náà, àga ìjẹun kan náà. Gua mọ ṣíbí lò, ó ń gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, àmọ́ kò sọ gbólóhùn kan. Donald ló wá ń ké bíi ìnàkí tó bá fẹ́ jẹun! Lẹ́yìn bíi oṣù mẹ́sàn-án wọ́n dá Gua padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ìtàn yẹn ṣe sọ gbogbo ẹ̀ tán, nínú àwọn méjèèjì, ọmọ èèyàn ló ń sín ẹnìkejì jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn míì tún tọ́ ọ̀kan tó ń jẹ́ Viki, wọ́n ṣiṣẹ́ kára lórí ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin péré ló lè pè, kò sì já geere. Bònóbò, ẹ̀yà tó sún mọ́ ìnàkí jù, kan tó ń jẹ́ Kanzi gbìyànjú jù wọ́n lọ, ó gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tọ́ka sí àmì láti fèsì, wọ́n tilẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé òkúta, ó sì ń gé e, àmọ́ òkúta tó gé kò dáa tó èyí tí àwọn baba ńlá wa gé ní Gona ní Etiópíà ní mílíọ̀nù ọdún 2.6 sẹ́yìn. Ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ lè sọ nípa ohun tí kò sí níwájú ẹ̀, lè sọ pé má jẹ ẹ́ o, kò tíì kan, lágbájá jẹ ẹ́ lọ́dún ìjọsí, ẹsẹ̀ ẹ̀ gan. Ìnàkí ní láti rí i fúnra ẹ̀.

Ti ara náà wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì la kọ́kọ́ fi yàtọ̀, ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn bíi tiwa ṣì wà lórí eérú òkè oníná ní Laetoli ní Tanzania, ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 3.6, nígbà yẹn ọpọlọ wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìnàkí lọ. Bí ọwọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìrìn, ó di ohun tí wọ́n fi ń gbé nǹkan, àtàǹpàkò tiwa sì gùn tó láti kan orí ìka yòókù dáadáa. Òkúta tí wọ́n gé tó pẹ́ jù tí wọ́n ti rí, ní Lomekwi ní Kẹ́ńyà ni, mílíọ̀nù ọdún 3.3. Iná tún wá dé, àmì ẹ̀ wà nínú ihò Wonderwerk ní South Africa láti bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Wrangham ní oúnjẹ sísè yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọpọlọ rí jẹ, torí ọpọlọ wa ò ju nǹkan bíi ìdá 2 nínú 100 ara wa lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ìdá 20 agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyá àgbà ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ẹ̀. Láàárín àwa èèyàn, obìnrin lè dáwọ́ ọmọ bíbí dúró kó sì tún lo ogún, ọgbọ̀n ọdún láyé, ìyẹn ò wọ́pọ̀ láàárín ẹranko. Àwọn tó lọ gbé láàárín àwọn Hadza, ẹ̀yà kan ní Tanzania tó ń ṣọdẹ tó sì ń wá oúnjẹ nínú igbó, rí i pé àwọn ìyá àgbà yẹn ló ń wa iṣu igbó kiri, tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ọmọ wọn. Ọmọ tó ní ìyá àgbà á rí jẹ, á sì rí ẹni tó ti rí ogójì ọdún ọ̀dá àti ìyàn tó máa sọ ọ́ fún un. Ìgbà èwe wa gùn jọjọ, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tí à ń jẹ nínú oúnjẹ ẹlòmíì, kí ló wà fún bí kò ṣe ká lè kọ́ nǹkan?

Ó tún ku ti iye èèyàn, àti bóyá àjèjì lè pàdé láìpa ara wọn. Ìnàkí ọkùnrin tó bá ṣèèṣì wọ agbègbè àwọn mìíràn, wọ́n lè lù ú pa. Ní Gombe, láàárín 1974 sí 1978, agbo kan pa àwọn ọkùnrin agbo kejì tán, àwọn tí wọ́n jọ wà pọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Àwọn ọmọbìnrin wọn nìkan ló sábà máa ń kó lọ sí agbo míì tí wọ́n bá dàgbà, torí náà ọgbọ́n inú agbo kan ò rọrùn fún agbo kejì láti rí. Ẹ wá rántí ọjà Ẹ̀jìnrìn ayé àtijọ́ létí ọ̀sà, àwọn ọlọ́kọ̀ láti Èkó, àwọn tó ru ẹrù láti òkè, Ìjẹ̀bú wa láàárín, ẹni tí kò mọ bàbá ara wọn ń náwó fún ara wọn, wọ́n ń ra ọjà, wọ́n sì ń rí bí ẹlòmíì ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ẹ wo Ẹrẹ́dò Sùngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó lé ní kìlómítà 160, láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì ẹ̀ tó bíi mítà 20, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò sí agbo ìnàkí kankan tó lè péjọ ṣe irú ẹ̀, bí ọwọ́ wọn bá tilẹ̀ lágbára ju tiwa lọ. Ìwé kíkọ wá ti ìyẹn lẹ́yìn, ìmọ̀ ò bá ẹni tó ní in wọ ilẹ̀ mọ́.

Ìmọ̀ ọ̀hún lè sọ nù o, kì í ṣe ohun tó dá wa lójú títí láé. Nínú igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn èèyàn wa ń ṣe dígí fúnra wọn láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà pò ó jẹ́ tiwọn, kò jọ ti Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó, bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn dáwọ́ dúró, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe é níbẹ̀ mọ́, àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ la fi mọ̀. Ọpọlọ àwọn ọmọ wọn ò kéré sí tiwọn, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kò sí.

Kí ló wá dé tí ìnàkí ò gba ọ̀nà tiwa? Kò sí ohun tó ń fi agbára mú ẹ̀dá kankan lọ síbẹ̀. Ọpọlọ ńlá gbówó lórí, ẹni tó bá ń wá oúnjẹ tútù nínú igbó lójoojúmọ́ kò lè bọ́ ọ, ọmọ tí orí ẹ̀ bá tóbi sì ń mú ìbímọ nira. Ìnàkí tó wà níbi tí èso wà, tó mọ igi gùn, kò ní ìdí láti san irú owó yẹn. Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ jọ wá jù, àwọn Neanderthal tó ń dá iná, tó ń ṣe ọ̀kọ̀, tí ọpọlọ wọn tóbi tó tiwa, wọ́n ti parẹ́ láti bíi ọdún 40,000 sẹ́yìn. Nínú gbogbo ẹ̀ka tó rìn lórí ẹsẹ̀ méjì, àwa nìkan ló kù.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé tí a bá fi ìnàkí sílẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún mélòó kan sí i, wọn ò ní máa ṣe ẹ̀rọ ni? A ò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa agbo ìnàkí 144 jọ ní Áfíríkà, wọ́n rí i pé níbi tí ọwọ́ èèyàn bá ti pọ̀ jù nínú igbó, ìṣeéṣe pé ẹ á bá oríṣiríṣi ọgbọ́n ìnàkí níbẹ̀ ti fi ìdá 88 nínú 100 dín kù sí ti ibi tí èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ dé. Tí agbo bá kéré, tí àwọn àgbà inú ẹ̀ bá ń kú, ọmọ ò rí ẹni tó máa wò mọ́. Ní Bossou, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta kẹta há ti ìsàlẹ̀ yẹn, bíi ogún ni wọ́n nígbà kan, àìsàn bíi ọ̀fìnkìn kan pa márùn-ún nínú wọn ní 2003, wọn ò tó mẹ́wàá mọ́ báyìí.